Mo Wò, N Kò Rí: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́kadà Tó Yọ Láìròtẹ́lẹ̀

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́, ma. Oríta kan ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Mo fẹ́ yà sí òsì, kí n bọ́ sí títì. Mo wo òsì, mo wo ọ̀tún, mo tún wo òsì. Òótọ́ ni pé mò ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n etí ni mo ki í bọ̀, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárìn. Títì mọ́ fo. Bí mo ṣe ní kí n gbéra báyìí, gbòà lára ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi! Ọlọ́kadà ni. Ọlọ́run bá wa ṣe é, orúnkún rẹ̀ nìkan ló bó, mo gbé e lọ sí ọsibítù, mo sanwó. Ìyàwó mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ti rí ọ̀kadà náà lókèèrè, òun rò pé èmi náà ti rí i ni. Ó ní n kò wo ọ̀nà rárá. Mo lè fi Bíbélì búra pé mo wò. Kò sí ohun tí àwa méjèèjì fẹnu kò lé lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí àfi akoto pupa tí ọkùnrin náà dé. Bàbá mi nílé ní àféèrí ni, pé wọ́n fẹ́ kó ẹ̀jẹ̀ èèyàn sí mi lọ́rùn. Ṣé ojú èèyàn lè wo nǹkan kó má rí i?
Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

*Ìdáhùn:*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu. Bí ẹ bá tún rí ọlọ́kadà náà, ẹ bá mi kí i kú ewu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹjọ́ tó wà láàárín ẹ̀yin àti Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin lẹ jàre lórí "wò", àwọn ló jàre lórí "rí". Èdè wa kò fìgbà kan pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì yóò sọ pé "mo wò ó títí, n kò rí i", kò sì sẹ́ni tí yóò pè é ní òpùrọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú rẹ̀ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ohun tí àwa onísáíkọ́lọ́jì, àwa tí à ń ṣèwádìí bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, fi ìdánwò wá rí ni bí àlàfo tó wà láàárín wíwò àti rírí ṣe fẹ̀ tó. Ó fẹ̀ débi pé ọ̀kadà tó gbé èrò mẹ́ta lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ìdánwò tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Daniel Simons àti Christopher Chabris, ní Yunifásítì Harvard, tó jáde ní 1999. Wọ́n ya fíìmù kékeré kan: ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan wọ ẹ̀wù funfun, èkejì wọ dúdú, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Wọ́n ní kí ẹni tó ń wò ó máa ka iye ìgbà tí àwọn aláṣọ funfun ju bọ́ọ̀lù. Níbi tí eré wọ̀ dé, ẹnì kan tó gbé awọ ìnàkí wọ̀ rìn wọlé, ó gba àárín wọn kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà, ó tilẹ̀ dúró, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó lu àyà. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó wò ó ni kò rí ìnàkí kankan. Nígbà tí wọ́n tún fíìmù náà fi hàn wọ́n, àwọn kan yarí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ́lẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ mọ́, torí gbogbo ayé ló ti gbọ́ nípa ìnàkí. Simons fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá tún ya òmíràn ní 2010. Àwọn tó ti ń retí ìnàkí rí ìnàkí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n aṣọ ìkélé tó wà lẹ́yìn yí àwọ̀ padà lójú wọn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sì jáde lọ, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti gbà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè àti ọlọgbọ́n. Ẹni tó bá gbọ́n sí ọ̀kan ni yóò gọ̀ sí èkejì.

Ẹ lè sọ pé fíìmù ni, pé eré ni, pé àwọn èèyàn yẹn kò kọjú sí ìnàkí náà ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìdánwò àwọn dókítà ju ti fíìmù lọ. Ní 2013, Trafton Drew àti Melissa Võ àti Jeremy Wolfe, ní Boston, kó dókítà 24 jọ, àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa wo fọ́tò inú ara. Wọ́n ní kí wọ́n wá àwọn kókó kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, irú èyí tó lè di jẹjẹrẹ. Wọ́n wá fi àwòrán ìnàkí sínú fọ́tò ìkẹyìn, ìnàkí tó tóbi tó ìlọ́po 48 kókó tí wọ́n ń wá. Nínú dókítà 24, 20 kò rí i. Ẹ̀rọ kan wà níwájú wọn tó ń tọ ẹyinjú wọn lẹ́sẹ̀, tó ń kọ ibi tí wọ́n ń wò sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn 20 yẹn ni ojú wọn balẹ̀ sórí ìnàkí náà gan-an. Wọ́n wò ó ní tààrà. Ẹyinjú wọn kò láìsàn, iṣẹ́ wọn sì ni. Kókó ni ọkàn wọn rán ojú níṣẹ́ láti wá, ìnàkí kò sí nínú iṣẹ́ tó rán an.

Nítorí náà, Bàbá Ìbejì, bí ẹ bá fi Bíbélì búra pé ẹ wò, èmi yóò bá yín jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ fi ìbúra mọ síbẹ̀.

Ó dára, kí wá nìdí tó fi jẹ́ ọ̀kadà? Ní Los Angeles, ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 1981 tọ ìjàǹbá alùpùpù 900 lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Lára ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé nígbà tí ọkọ̀ àti alùpùpù bá forí gbárí, ohun tó máa ń fà á jù ni pé onímọ́tò kò rí alùpùpù, tàbí pé ó pẹ́ kó tó rí i. Ní 2018, Kristen Pammer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia fi fọ́tò ojú títì han àwọn èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n sọ bóyá ewu wà níbẹ̀ fún awakọ̀. Nínú fọ́tò tó kẹ́yìn, wọ́n fi alùpùpù kan sí i tàbí takisí kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn tí alùpùpù bọ́ sí lọ́wọ́, 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí i. Takisí ńkọ́? 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú títì kan náà, àkókò kan náà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: Australia nìyẹn, ọ̀kadà wọ́n níbẹ̀, lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́, tó jẹ́ pé ọ̀kadà pọ̀ bí eṣú? Òótọ́ ni. Ẹni tó ń wakọ̀ ní Abẹ́òkúta kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ọ̀kadà wà láyé. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe pé a kò retí ọ̀kadà, ibi tí a kò retí rẹ̀ ló ti ń yọ. Ọ̀kadà ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń rìn létí kọ̀tá, ó ń gba àárín ọkọ̀ méjì. Ojú yín wo ibi tí ọkọ̀ máa ń gbà, ó rí i pé ó ṣófo, ó wá jábọ̀ fún yín pé "títì mọ́ fo". Ohun tí ẹ rán an ló ṣe. Steven Most àti Robert Astur ṣe ìdánwò kan tó fara pẹ́ èyí ní 2007. Wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn wakọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ̀lé ọfà aláwọ̀ yẹ́lò, tàbí kí àwọn mìíràn tẹ̀lé èyí tó jẹ́ búlúù. Ní oríta ìkẹyìn, alùpùpù kan já wọlé síwájú wọn. Bí alùpùpù bá ní àwọ̀ tí wọ́n ń wá, wọ́n máa ń tètè tẹ bíréèkì. Bó bá jẹ́ àwọ̀ kejì, ìkọlù pọ̀ gidigidi. Àwọ̀ lásán o. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí ni, pé àlejò lójú, kò fi ríran. Lójú títì, gbogbo wa ni àlejò sí ohun tí a kò wá wá.

Ẹ jẹ́ ká dé orí fóònù wàyí, torí mo rí i pé ẹ sáré kọjá lórí rẹ̀ nínú lẹ́tà yín: "etí ni mo ki í bọ̀, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárìn." Bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń rò ó nìyẹn. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè kan tilẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Britain fòfin de fóònù nídìí ọkọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, èyí tí èèyàn fi ọwọ́ mú ni wọ́n dè, wọ́n fi ti etí sílẹ̀. Àmọ́ ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rí ọ̀kadà ni?

David Strayer àti William Johnston, ní Yunifásítì Utah, gbé èyí yẹ̀ wò ní 2001. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọwọ́ darí nǹkan lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wakọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iná pupa á tàn, wọ́n á sì tẹ bíréèkì. Àwọn tó ń gbọ́ rédíò, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pàdánù iná pupa ní ìlọ́po méjì iye tí wọ́n pàdánù nígbà tí wọn kò sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn sì tún falẹ̀ lórí àwọn tí wọ́n rí. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ mú àti èyí tí kò gba ọwọ́, ọ̀kan náà ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Strayer àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ẹ̀rọ tọ ẹyinjú àwọn awakọ̀ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ìdánrawò, wọ́n wá bi wọ́n léèrè àwọn pátákó ìpolówó tí wọ́n kọjá. Kódà pátákó tí ẹ̀rọ ti jẹ́rìí sí i pé ojú wọn balẹ̀ sórí rẹ̀, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá sì ní ti inú ilé ìwádìí nìyẹn, ti ojú títì gidi wà. Ní Toronto, Donald Redelmeier àti Robert Tibshirani yẹ àkọsílẹ̀ ìpè awakọ̀ 699 wò, gbogbo wọn ló ní fóònù alágbèéká, gbogbo wọn ló ti ní ìjàǹbá. Ìwé wọn jáde ní 1997: ewu ìkọlù tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin lásìkò tí èèyàn bá ń pe fóònù. Èyí tí kò gba ọwọ́ kò sàn ju èkejì lọ.

Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ira Hyman fi ẹnì kan sórí kẹ̀kẹ́ onítáyà kan ṣoṣo nínú ọgbà yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Washington. Ẹni náà múra bí aláwàdà, ó wọ aṣọ yẹ́lò, ó lẹ imú pupa rọ̀bọ̀tọ̀ mọ́ ojú. Nínú àwọn tó ń dá rìn láìlo nǹkan kan, ìdajì ló rí i. Nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹnì kan nínú mẹ́rin. Àwọn tó ń rìn ní méjì-méjì, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ló rí i jù.

Ibi tí Ìyá Ìbejì ti wọlé nìyí. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó tì wá kò fi bẹ́ẹ̀ léwu tó ti fóònù? Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń wo títì tí ẹ̀yin náà ń wò. Bí oríta bá dé, á dákẹ́. Bí ọkọ̀ bá já wọlé, á pariwo "ẹ wò ó!" Àbúrò yín tó wà lórí fóònù kò mọ̀ pé ẹ ti dé oríta, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni, ẹ̀yin sì ń fi inú yín ya àwòrán ohun tó ń sọ. Inú kan náà tí ẹ fi ń ya àwòrán yẹn lẹ ní láti fi rí ọ̀kadà. Ó kàn jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn Ìyá Ìbejì rò pé ẹ ti rí i. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ojú yín kọjú síbẹ̀. Ẹni tó wà níta kò lè mọ̀ bóyá ẹni tó ń wò ń rí. Ẹni tó ń wò gan-an kò mọ̀.

N kò ní bá Bàbá yín jiyàn lórí àféèrí, wọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ìtàn rẹ̀, ara ẹni tó fẹ́ pòórá ni wọ́n máa ń ní àféèrí ń wà. Ti yín yìí, etí yín ló wà, ẹ̀yin lẹ fi owó ra á, ẹ sì tún ń rọ káàdì sí i.

Ó ku apá kan tí kì í ṣe ẹ̀bi ọkàn, ẹyinjú ló ni ín. Ẹ na apá yín síwájú, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè. Fífẹ̀ èékánná yẹn ni ìwọ̀n ibi tí ojú ti ń ríran kedere lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyókù ṣú díẹ̀, a kò kàn mọ̀ ni, torí ẹyinjú kì í dúró. Ó máa ń fò tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá sì ń fò, ọpọlọ máa ń pa ìríran rẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní: ẹ dúró síwájú dígí, ẹ wo ẹyinjú yín òsì, kí ẹ gbé ojú lọ sí ti ọ̀tún, kí ẹ máa ṣe é lọ ṣe é bọ̀. Ẹ kò ní rí ojú ara yín kó yí. Kí Ìyá Ìbejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa wò yín. Àwọn yóò rí i tó ń fò fìrìfìrì. Ẹni tó bá wá gbé ojú wéré láti òsì sí ọ̀tún ní oríta, bí fọ́tò mélòó kan ló rí gbà, ọpọlọ rẹ̀ ló gán ìyókù pọ̀. Nǹkan tín-ín-rín bí ọ̀kadà lè bọ́ sí àárín fọ́tò méjì. Tàbí kó fara pamọ́ sẹ́yìn òpó irin tó gbé gíláàsì iwájú dúró, èyí tó wà lápá òsì yín.

Ohun tí mo máa ń ṣe fúnra mi kò pọ̀. Mo máa ń pa fóònù kí n tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, pípa pátápátá, kì í ṣe dídá ohùn rẹ̀ dúró. Ní oríta, mo máa ń gbé ọrùn síwájú díẹ̀ kí n lè rí ẹ̀yìn òpó yẹn, n óò dá ojú dúró ní apá kọ̀ọ̀kan, n óò sì bi ara mi sókè ketekete pé, "Ọ̀kadà dà?" Àwọn ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú wọn. Ẹni tó bá wo títì láti mọ̀ bóyá ó ṣófo, yóò rí i pé ó ṣófo. Ọ̀kadà ni kí ẹ máa wá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wá máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹ kò bi mí. Ẹ kọ ọ́ pé "títì mọ́ fo". Ṣé ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ yẹn ni, àbí ohun tí ẹ ti sọ lẹ́yìn rẹ̀ títí tó fi di ohun tí ẹ rí? Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n bi wọ́n bí eré àwọn ọkọ̀ náà ti pọ̀ tó. Àwọn tí wọ́n bi pé, "nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì fọ́ mọ́ ara wọn", dá a lé nǹkan bíi máìlì 41 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n bi pé "nígbà tí wọ́n fara kan ara wọn", nǹkan bíi 32. Nínú ìdánwò kejì, wọ́n pe àwọn èèyàn padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú 50 tó gbọ́ "fọ́ mọ́ ara wọn", 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tó gbọ́ "gbá ara wọn", 7. Ọ̀rọ̀ ẹnu abínibéèrè ló wọnú ìrántí wọn, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ronú iye èèyàn tó ti bi yín láàárín oṣù méjì yìí pé, "báwo ló ṣe já bọ́ lójijì?"

Ti ẹni méjì tó jọ ń rántí tún le ju ìyẹn lọ. Fiona Gabbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Scotland, fi fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà han èèyàn ní méjì-méjì ní 2003, ṣùgbọ́n igun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti rí i yàtọ̀, àwọn kan rí ohun tí èkejì wọn kò lè rí. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí kálukú dá jẹ́rìí tirẹ̀. Nínú àwọn tó jọ sọ̀rọ̀, 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́rìí sí ohun tí ojú wọn kò rí rí, tó jẹ́ pé ẹnu èkejì wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Nítorí náà, Bàbá Ìbejì, bí wọ́n bá pè mí láti gba ẹ̀rí yín wò, n óò gba "mo wò" yín, n óò gba "mo rí i lókèèrè" ti Ìyá Ìbejì. Akoto pupa tí ẹ̀yin méjèèjì jọ fẹnu kò lé lórí lẹ́yìn oṣù méjì àríyànjiyàn, òun ni n kò ní gbà, àfi bí mo bá kọ́kọ́ bi ọlọ́kadà náà bóyá ó dé akoto rárá.